Omi Kànga gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ Kẹ́mísírì àti Ìmọ̀ Ilẹ̀: Àpẹẹrẹ láti Muṣin, Yábà àti Sùúrùlérè

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó ni ó ń há àlàyé kẹ́mísírì àti ìmọ̀ nípa ilẹ̀ sórí láìmọ̀ pé ohun tí wọ́n ń há sórí náà wà nínú garawa omi tí wọ́n fà láàárọ̀. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé àwọn èrò ìpìlẹ̀ bíi ẹ́límẹ́ǹtì, àdàpọ̀, àpòpọ̀, ásíìdì àti ìpẹtà, ó sì ṣe àlàyé bí ilẹ̀ ṣe tò ní ìpele ìpele. Omi kànga àti omi bohóòlù ní Muṣin, Yábà àti Sùúrùlérè ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ohun tí ojú rí nínú omi kọ́ ni ó sábà máa ń léwu jù, àti pé mímọ́ lójú yàtọ̀ sí mímọ́ nínú. Ó parí pẹ̀lú àwọn àyẹ̀wò kéékèèké tí olùkọ́ lè fi ohun èlò ilé ìdáná ṣe ní kíláàsì.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi là bù wẹ̀, omi là bù mu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Òwe yìí fi ipò tí omi wà nínú ìgbésí ayé ẹ̀dá hàn, ṣùgbọ́n kò sọ pé gbogbo omi ni ó ṣeé mu. Kí ọdún 1915 tó parí ni omi ẹ̀rọ ti ń ti ilé-iṣẹ́ omi Ìjù wọ ìlú Èkó. Láti ìgbà náà ni iye ènìyàn ti ń pọ̀ sí i ju omi ẹ̀rọ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé ní Muṣin, Yábà àti Sùúrùlérè fi gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé, tí àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ́ owó sì gbẹ́ bohóòlù. Àwọn tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì a máa ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà tí ń ti ọmọlanke káàkiri àdúgbò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ti rí ohun púpọ̀ kí ó tó dé kíláàsì. Ó ti rí omi tí ó mọ́ gaara nígbà tí wọ́n fà á, tí ó sì di pupa rúsúrúsú nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó ti rí ìyá rẹ̀ tí ó ń ju álọ́ọ̀mù sínú omi. Ó ti gbọ́ tí wọ́n ní omi àdúgbò kan níyọ̀ lẹ́nu. Gbogbo ìwọ̀nyí ni kẹ́mísírì àti ìmọ̀ ilẹ̀ ní àlàyé fún, àlàyé náà sì ṣeé ṣe ní èdè Yorùbá. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifásitì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àbájáde rẹ̀ sì fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá. Ohun tí ó kù ni kí a mú irú àlàyé bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ tí ó kan ìlera wọn.

2.0 Bí Ilẹ̀ Ṣe Tò ní Abẹ́ Èkó

Kí a tó mọ irú omi tí kànga yóò fún ni, ó yẹ kí a mọ irú ilẹ̀ tí omi náà gbà kọjá. Ẹni tí ó bá dé Abẹ́òkúta yóò rí Òkè Olúmọ. Akọ òkúta ni, ọ̀kan nínú àwọn òkúta àtayébáyé tí ọjọ́ orí wọn ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ẹni tí ó bá dé Èkó kò ní rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ níbi kankan. Kì í ṣe pé kò sí. Ó ti rì sí ìsàlẹ̀ jìnnàjìnnà, iyanrìn àti amọ̀ sì ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí èyí fi ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Ní ohun tí ó ju 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pínyà. Etí ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí àwo kòtò, òkun wọlé, àwọn odò sì ń wọ́ iyanrìn àti ẹrẹ̀ wá láti òkè dà á sínú rẹ̀. Àwo kòtò yìí ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Dahomey Basin. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gánà, ó gba Tógò àti Bìní Olómìnira kọjá, ó sì wọ ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ohun tí odò àti òkun kó sínú rẹ̀ tò léra bí ẹní tí a tẹ́ lé ẹní: èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó dàgbà jù, èyí tí ó wà lókè ni ó kéré jù lọ́jọ́ orí. Òfin ìpìlẹ̀ kan nínú ìmọ̀ ilẹ̀ nìyí, bí a kò bá ti yí ilẹ̀ náà dà.

Ìpele méjì ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni òkúta ẹfun Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ti ń wà fún sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1960. Ìkarahun àti egungun àwọn ẹ̀dá inú òkun ni ó di òkúta náà ní nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Èkejì ni iyanrìn etíkun tí Muṣin, Yábà àti Sùúrùlérè jókòó lé, tí ó kéré gan-an sí òkúta Ewékorò lọ́jọ́ orí. Iyanrìn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ a máa dábùú láàrin iyanrìn níhìn-ín lọ́hùn-ún. Iyanrìn ń gba omi, ó sì ń jẹ́ kí omi rìn. Amọ̀ kì í fẹ́ kí omi kọjá. Nítorí náà omi kànga tí kò jìn, tí ó wà lókè amọ̀, lè yàtọ̀ pátápátá sí omi bohóòlù tí ó wà lábẹ́ amọ̀ nínú ọgbà kan náà.

3.0 Omi gẹ́gẹ́ bí Àdàpọ̀, Omi Kànga gẹ́gẹ́ bí Àpòpọ̀

Ẹ́límẹ́ǹtì ni ohun tí a kò lè fi ọgbọ́n kẹ́mísírì tú sí ohun mìíràn tí ó kéré jù ú lọ. Irin jẹ́ ẹ́límẹ́ǹtì, wúrà jẹ́ ẹ́límẹ́ǹtì, ọ́ksíjìn tí a ń mí sínú náà jẹ́ ẹ́límẹ́ǹtì. Bí ẹ́límẹ́ǹtì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá so pọ̀ ní ìwọ̀n tí kì í yí padà, tí ìwà wọn àtijọ́ sì parẹ́, àdàpọ̀ ni wọ́n di. Omi jẹ́ àdàpọ̀: átọ̀mù haidirójìn méjì àti átọ̀mù ọ́ksíjìn kan ni ó so pọ̀ di omi, ohun náà ni a ń kọ báyìí, H₂O. Nínú gíráàmù omi 18, gíráàmù 2 jẹ́ haidirójìn, 16 sì jẹ́ ọ́ksíjìn. Ìwọ̀n yìí kì í yí padà, ìbáà jẹ́ omi Muṣin tàbí omi ìlú Lọ́ńdọ́nù.

Àpòpọ̀ yàtọ̀ sí èyí. Nínú àpòpọ̀, ohun púpọ̀ wà papọ̀ láìso pọ̀, ìwọ̀n wọn sì lè yí padà láti ibì kan sí ibòmíràn. Gàrí tí a pò mọ́ ṣúgà jẹ́ àpòpọ̀. Omi kànga pẹ̀lú jẹ́ àpòpọ̀: H₂O ni, ṣùgbọ́n irin, iyọ̀, afẹ́fẹ́, amọ̀ àti kòkòrò àìfojúrí lè wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ pé omi Yábà kò rí bí omi Ewékorò, omi fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó yàtọ̀. Ohun tí ó bá omi rìn ni ó yàtọ̀.

Láti ojú ọ̀run ni omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun mọ́ra. Bí òjò ti ń rọ̀, ó ń kó díẹ̀ lára afẹ́fẹ́ kábọ́nì-dai-ọ́ksáídì, irú èyí tí a ń mí síta. Afẹ́fẹ́ yìí yọ́ sínú omi òjò, ó sì sọ ọ́ di ásíìdì tí kò lágbára. Ìwọ̀n tí a fi ń mọ ásíìdì ni pH, tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 14. Agbede-méjì ni 7. Ohun tí ó bá wà nísàlẹ̀ 7 jẹ́ ásíìdì, èyí tí ó bá wà lókè 7 ni álíkálì. Omi òjò tí kò ní ìdọ̀tí máa ń wà ní nǹkan bíi 5.6. Ilẹ̀ tí òjò náà bá bọ́ sí ni yóò pinnu ohun tí ásíìdì yìí yóò dà.

4.0 Òkúta tí ó ń Pa Ásíìdì àti Iyanrìn tí Kì í Pa Á

Ní Ewékorò, omi òjò tí ó ní ásíìdì wọ inú òkúta ẹfun. Ásíìdì náà ń jẹ òkúta, òkúta sì ń pa ásíìdì náà kú. Kálísíọ́ọ̀mù tí ó ti ara òkúta yọ́ sínú omi ni ó ń mú kí omi le. Omi líle kì í jẹ́ kí ọṣẹ tètè hó, nítorí pé kálísíọ́ọ̀mù ń gbá ọṣẹ mú, ó sì ń sọ ọ́ di èérí funfun tí ń léfòó. Bí a bá ń se irú omi bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ohun funfun kan yóò máa dì mọ́ ìdí kẹ́tù. Òkúta Ewékorò ni ó padà di òkúta nínú kẹ́tù náà.

Ní Muṣin àti Sùúrùlérè, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iyanrìn ibẹ̀ kì í bá ásíìdì jà. Omi a gba àárín rẹ̀ kọjá, ásíìdì rẹ̀ a sì wà níbẹ̀. Kódà èyí tí ewé tí ó jẹrà nínú ilẹ̀ ń mú jáde a tún kún un. Nítorí náà ni ọṣẹ fi máa ń hó dáadáa nínú omi ibẹ̀, tí pH rẹ̀ sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ 6.5. Ìwọ̀n tí Àjọ SON, tí ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, fi lélẹ̀ fún omi mímu ní ọdún 2007 ni 6.5 sí 8.5. Omi tí ó ní ásíìdì báyìí ń jẹ páìpù irin díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tú irin tí ó wà lára iyanrìn fúnra rẹ̀ sínú omi.

5.0 Omi tí ó ń Pọ́n Mọ́jú

Irin tí omi tú yìí ni ó ń ṣe ohun tí ó ń ya àwọn ará ilé lẹ́nu. Nísàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, irin a yọ́ sínú omi bí iyọ̀ ti ń yọ́, kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Ìdí nìyí tí omi bohóòlù fi ń mọ́ gaara nígbà tí ẹ̀rọ ń fà á jáde. Bí omi náà bá ti dé inú garawa, ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́ yóò bá irin náà, wọn yóò so pọ̀, irin kò sì ní lè yọ́ mọ́. Yóò di ìpẹtà wẹ́wẹ́ tí ó ń rì sí ìdí garawa. Ohun kan náà tí ó ń jẹ páànù òrùlé lójú ọ̀run ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi tí a gbé kalẹ̀ mọ́jú.

Ìpẹtà yìí ń ba aṣọ funfun jẹ́, ó ń pa ara àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láró, ó sì ń yí adùn oúnjẹ padà. Mìlígíráàmù 0.3 nínú lítà kan ni òṣùwọ̀n Nàìjíríà fi ààlà irin sí. Nítorí àwọ̀ àti adùn ni wọ́n ṣe fi ààlà náà síbẹ̀ jù. Irin ní ìwọ̀n kékeré kì í ṣe májèlé. Ọ̀nà tí a fi ń yọ ọ́ kúrò sì ti inú àlàyé òkè yìí wá: a ń jẹ́ kí omi ya bí òjò kí afẹ́fẹ́ lè gbá a dáadáa, a sì ń fi iyanrìn sẹ́ ìpẹtà tí ó bá yọ jáde.

6.0 Nígbà tí Iyọ̀ bá Wọlé

Ìwàyá, Mákòkó àti apá kan Èbúté-Mẹ́ta súnmọ́ etí ọ̀sà. Omi ọ̀sà Èkó kì í ṣe bákan náà yípo ọdún: iyọ̀ rẹ̀ a dínkù nígbà òjò tí odò bá kún, a sì pọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òkun bá ti Èkó wọlé. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan. Nítorí iyọ̀ yìí ni ó fi wúwo: mítà omi òkun kan ní ìbú, òró àti gíga wúwo tó kílógíráàmù 1,025, nígbà tí ti omi aláìníyọ̀ jẹ́ 1,000. Gẹ́gẹ́ bí epo pupa ṣe ń léfòó lórí omi, bẹ́ẹ̀ náà ni omi aláìníyọ̀ ń léfòó lórí omi oníyọ̀ nínú iyanrìn.

Ìṣirò kékeré kan fi ewu tí ó wà níbẹ̀ hàn. Ìyàtọ̀ ìwúwo méjèèjì jẹ́ 25. Bí a bá fi 25 pín 1,000, yóò jẹ́ 40. Èyí túmọ̀ sí pé bí omi aláìníyọ̀ bá fi mítà kan ga ju òkun lọ, mítà 40 ni yóò wà nísàlẹ̀ kí a tó kan omi iyọ̀. Badon Ghyben, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, àti Herzberg, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n ṣàlàyé èyí ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún sí ìbẹ̀rẹ̀ ogún. Ṣùgbọ́n bí a bá fa omi títí tí ojú rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ ní mítà kan, omi iyọ̀ lè gòkè ní mítà 40. Ìpele amọ̀ a máa dí omi iyọ̀ lọ́nà ní ibòmíràn, nítorí náà ìṣirò yìí kò bá gbogbo kànga mu. Síbẹ̀ ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé bohóòlù ọ̀kan kì í ṣe ti onílé nìkan: ohun tí ilé kan fà ń kan ilé kejì.

7.0 Mímọ́ Lójú àti Mímọ́ Nínú

Títí dé ibí yìí, ohun tí ojú rí tàbí tí ahọ́n tọ́ wò ni a ti ń sọ. Èyí tí ó ń pa ni kì í fi ara hàn báyìí. Ìpẹtà ń dẹ́rù bà ni, kì í sì í pa ni. Kòkòrò onígbáméjì kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ní adùn.

Ní ọdún 1854, onígbáméjì jà ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ́nù. Dókítà John Snow tọpa rẹ̀ dé ẹ̀rọ omi kan ní òpópónà Broad. Obìnrin kan tí ó ti kó kúrò ládùúgbò náà fẹ́ràn omi yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń ránṣẹ́ bù ú lọ sí ilé rẹ̀ tuntun. Onígbáméjì sì pa á síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò, wọ́n rí kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó ń jò ní tòsí kànga náà. Ìtàn yìí kò jìnnà sí Èkó. Ní oṣù Okúdù ọdún 2024, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì gba ẹ̀mí.

Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ó tó mítà 30 láàrin kànga àti ṣáláńgá tàbí sokáwéè. Ilẹ̀ ilé tí ó jẹ́ 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà kò ju nǹkan bíi mítà 15 ní ìbú àti mítà 30 ní gígùn lọ. Kódà bí onílé bá gbẹ́ kànga sí iwájú, tí sokáwéè rẹ̀ sì wà lẹ́yìn, sokáwéè aládùúgbò lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga rẹ̀ gan-an. Iyanrìn tí ó ń jẹ́ kí omi rìn, tí ó mú kí kànga ṣeé gbẹ́, ni ó tún ń jẹ́ kí ìdọ̀tí rìn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù ti wọlé. Ẹyọ amọ̀ wẹ́wẹ́ inú omi ní agbára iná mànàmáná kan náà lára, nítorí náà wọ́n ń ti ara wọn kúrò, wọn kì í sì í rì. Álọ́ọ̀mù ń pa agbára yìí. Àwọn ẹyọ náà a wá so mọ́ ara wọn, wọn a wúwo, wọn a sì rì. Omi a mọ́ gaara. Díẹ̀ nínú kòkòrò a bá amọ̀ rì, ṣùgbọ́n ìyókù ṣì wà láàyè. Ìyá tí ó fi álọ́ọ̀mù sí omi kò ṣe àṣìṣe. Ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. Lẹ́yìn tí omi bá mọ́, ó yẹ kí ó hó yaya fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan, tàbí kí a fi kúlórínì sí i ní ìwọ̀n tí a kọ sí ara ìgò rẹ̀. Omi tí kò mọ́ a máa jẹ kúlórínì tán kí ó tó kan kòkòrò. Nítorí náà ni álọ́ọ̀mù fi yẹ kí ó ṣáájú.

Síse pàápàá ní ààlà tirẹ̀. Ó ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í yọ iyọ̀ kúrò, kì í sì í yọ náítíréètì tí ó ń ti inú ìgbọ̀nsẹ̀ wọ omi. Bí omi bá ń gbẹ lórí iná, ohun tí ó yọ́ sínú rẹ̀ ń ki sí i ni. Mìlígíráàmù 50 nínú lítà ni ààlà náítíréètì. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ gbé ọ́ksíjìn bí ó ti yẹ. Irú omi bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí a fi po oúnjẹ ọmọ ọwọ́, bí ó ti wù kí a sè é tó.

8.0 Ìlò rẹ̀ ní Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Olùkọ́ tí kò ní yàrá àyẹ̀wò lè ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

(i) Ìpẹtà: Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bu omi bohóòlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sínú ìgò méjì. Kí wọ́n kún ọ̀kan dé ẹnu, kí wọ́n sì dé e pinpin. Kí wọ́n bu ìdajì sí èkejì, kí wọ́n sì mì ín. Bí irin bá pọ̀ nínú omi náà, ti inú ìgò kejì ni yóò kọ́kọ́ pọ́n. Kí wọ́n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

(ii) Ásíìdì àti álíkálì: Kí a rẹ òdòdó isápá pupa, tí a fi ń ṣe sóbò, sínú omi gbígbóná. Bí a bá kán ọsàn wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, yóò pupa fòò. Bí a bá fi omi eérú tàbí káún sí i, yóò yí padà sí àwọ̀ ewéko tàbí búlúù.

(iii) Omi líle: Kí a fi ọṣẹ kan náà fọ ọwọ́ nínú omi òjò àti nínú omi tí a ti rẹ ẹfun sínú rẹ̀, kí a sì fi híhó wọn wéra.

(iv) Ìwúwo omi iyọ̀: Kí a gbé ẹyin tútù sínú omi lásán, yóò rì. Kí a máa fi iyọ̀ sí omi náà, ẹyin yóò léfòó nígbà tí ó bá yá.

(v) Ìwọ̀n ilẹ̀: Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ẹsẹ̀ wọn ìrìn láti kànga ilé rẹ̀ dé sokáwéè tí ó súnmọ́ ọn jù, ti aládùúgbò pẹ̀lú, kí ó sì ya àwòrán rẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú àyẹ̀wò wọ̀nyí tí ó lè sọ pé omi kan ṣeé mu. Yàrá àyẹ̀wò gidi nìkan ni ó lè ka kòkòrò àti náítíréètì. Ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ èyí, kí ọmọ má baà fi ìgò sóbò jẹ́rìí omi.

9.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ilẹ̀ tí ìlú jókòó lé ni ó ń pinnu ohun tí omi rẹ̀ yóò gbé, àti pé àwọn èrò ìpìlẹ̀ kẹ́mísírì ni a fi ń ka ohun náà. Yorùbá ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde; nípa bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa ti mọ̀ pé àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Omi bohóòlù Sùúrùlérè tí ó pọ́n lè má pa ẹnikẹ́ni, nígbà tí omi kànga tí ó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sokáwéè lè gbé gbogbo agboolé dè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lóye ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ní èdè tí ìyá rẹ̀ gbọ́ lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kí omi òwúrọ̀ tó dé orí iná.